Ta Ló Kọ Lẹ́tà Yẹn? Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù, fóònù mi dún. Ìyá kan tí a jọ wà ní kíláàsì Bíbélì ni. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rí íápíìsì ní etí wọn ọ̀tún, olùkọ́ ń ti ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí Ẹ́kísódù. Etí òsì ni wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn. "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà ti san tiyín?" Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ san, Mọ́mì?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Owó ìdánwò ni o. Wọ́n ní aago méje ni pọ́ọ̀tàlì máa tì. Ẹni tí kò bá san, ó di ọdún tó ń bọ̀." Kí wọ́n tó dárúkọ iye tí wọ́n san ni àyà mi ti já.

₦18,500 ni. Owó ọjà ni, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra èlùbọ́ láti Ṣakí lọ́jọ́ Ajé.

Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n rí gbà náà ránṣẹ́ sí mi. Àmì ilé ẹ̀kọ́ wa wà lókè rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ti gé, ó sì ṣú bí àwòrán tí wọ́n tún yà láti ara àwòrán. Wọ́n kí wa ní orúkọ Olúwa, wọ́n fa ẹsẹ Bíbélì kan yọ láti inú Hábákúkù, wọ́n wá kọ "ìròyìn pàjáwìrì", lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà àkáǹtì. Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sínú fóònù, orúkọ ta ló jáde?" Wọ́n ní orúkọ ọkùnrin kan ni. "Ẹ ò wá bi ara yín pé ta ni?"

"Mo rò pé akápò ni."

Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ilé ẹ̀kọ́ wa kì í gba owó ìdánwò. Ó ti wà nínú owó tí a san níbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí láago mẹ́rin àbọ̀, tó gbàdúrà tán, tó ń wá àpò tí yóò kó èlùbọ́ sí, tí fóònù wá sọ fún un pé ọdún kan gbáko fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí aago méje tó lù, kò ní jókòó máa ro ọ̀rọ̀ owó sáà. Olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sàn-án.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ní 1827 tí wọ́n dá Fourah Bay College sílẹ̀, tí Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, Freetown lẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́dọ̀ gbé. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀. Lónìí, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Peckham, awakọ̀ ní Houston àti ìyá elélùbọ́ ní Bódìjà ń jókòó sí kíláàsì kan náà. Ẹ̀bùn ńlá ni. Àmọ́ ọ̀nà tí kíláàsì gbà wọnú ilé yín ni gbájúẹ̀ náà ń gbà wọlé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ló tilẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ fura, torí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé tí a ń kà. Ẹ ṣí Tẹsalóníkà Kejì, orí kejì. Àwọn ará Tẹsalóníkà ti gbọ́ ìròyìn kan tó gbò wọ́n jìgìjìgì, pé ọjọ́ Olúwa ti dé. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún wọn pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè gba ẹnu ẹni tó ní Ẹ̀mí ló ń lo òun wá, ó lè gba ẹnu oníwàásù wá, ó sì lè wá nínú lẹ́tà tí wọ́n fi orúkọ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ ò rí nǹkan! Wọn ò tíì kọ Májẹ̀mú Tuntun tán tí ìbẹ̀rù ayédèrú lẹ́tà ti wà nínú ìjọ.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù wá ṣe sí i ló wù mí jù. Ní ìparí lẹ́tà kan náà, ó gba kálàmù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, ó ní kí wọ́n mọ̀ pé àmì òun nìyẹn nínú gbogbo lẹ́tà òun. Pọ́ọ̀lù a máa lo akọ̀wé; a mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Tẹ́tíù, láti inú ìwé Róòmù. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Gálátíà, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n wo bí lẹ́tà tí òun fọwọ́ òun kọ ti tóbi tó. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè ṣí ìparí rẹ̀ wò, kó ní, "Ọwọ́ Pọ́ọ̀lù rèé," tàbí kó ní, "Rárá o, èyí kọ́." Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ò ju ìyẹn lọ: kí ẹ ti mọ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín kí pàjáwìrì tó dé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti gba ìwé ìgbàwọlé, ẹ mú bébà kékeré kan. Ẹ kọ àdírẹ́sì pọ́ọ̀tàlì sí i, ẹ kọ orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń jẹ́ ní báńkì, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé ìgbàwọlé náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn Bíbélì yín. Bí iṣẹ́ kan bá wá dé pé owó, pé fọ́ọ̀mù, pé ìdánwò ti yí padà, ẹ má tẹ líǹkì tó wà nínú rẹ̀, ẹ má sì pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ayédèrú lẹ́tà náà ni yóò gbé fóònù yẹn, yóò sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ni. Nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀yìn Bíbélì ni kí ẹ pè. Pọ́ọ̀tàlì, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìròyìn náà bá jẹ́ òótọ́, yóò wà níbẹ̀.

Ní ti owó, báńkì ilẹ̀ wa ti bá wa ṣe oore kan tí a kì í kà sí. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tó ni ín yóò jáde kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ Pọ́ọ̀lù ti òde òní nìyẹn. Bí orúkọ èèyàn bá jáde níbi tó yẹ kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ti jáde, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ má bá a wá àlàyé. Ẹ má sọ pé akápò ni, ẹ má sọ pé bóyá àbúrò olùdásílẹ̀ ni. Ká tiẹ̀ ní kò sí olè níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́ sínú àpò ẹnì kan, ta ni yóò bá yín ka ìwé owó náà lọ́jọ́ tí ìjà bá dé?

Ìyá bi mí pé báwo ni olè náà ṣe mọ̀ pé àwọn ń kẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà ṣe ìwádìí díẹ̀. Líǹkì gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wa wà lórí Facebook gbangba, kí àwọn tuntun lè rí i wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó jókòó síbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ka gbogbo ohun tí a ń sọ. Ó mọ ọjọ́ ìdánwò. Ó mọ bí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń kí wa. Ó sì rí nọ́ńbà gbogbo wa. Nígbà tó di ọjọ́ tó yàn, kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí àárín gúrúùpù, torí ẹnì kan á pariwo. Ìkọ̀kọ̀ ló gbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn tó fi àmì ilé ẹ̀kọ́ ṣe àwòrán ojú rẹ̀. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ènìyàn mẹ́fà ló sanwó. Wọn ò bára wọn sọ ọ́, oníkálukú ń rò pé òun nìkan ló gọ̀.

Nítorí náà, bí ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ bá bá yín ní ìkọ̀kọ̀, ẹ gbé e sí gbangba. Ẹ bi kíláàsì pé, "Ṣé ẹ̀yin náà rí èyí?" Ìbéèrè kan yẹn ni olè ń bẹ̀rù jù.

Ọ̀nà kejì tún burú ju èyí lọ, torí ojúlùmọ̀ ni wọ́n ń fi í mú wa. Ẹni tí ẹ jọ wà ní kíláàsì á kọ̀wé sí yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi í ránṣẹ́ padà, kí n fi wọ kíláàsì." Òun kọ́ o. Wọ́n ti gba WhatsApp tiẹ̀ lọ ná, tiyín ló kù. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. Bí ẹ bá fi fún un, láàárín ìṣẹ́jú kan, orúkọ yín ni yóò máa fi yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ, yóò máa fi "Olúwa á bùkún yín" parí ọ̀rọ̀. Kò sí kíláàsì Bíbélì kankan tó ń gba ẹnu-ọ̀nà yẹn wọlé. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ wọ inú ètò WhatsApp yín, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Account sí, ẹ ṣí Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín. Ẹ wo Linked devices náà, bóyá ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ rí ti so mọ́ tiyín. Bí ojú ò bá ríran dáadáa, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ á bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mọ nọ́ńbà náà.

Owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń jí. Ẹ̀kọ́ pàápàá, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ. Iṣẹ́ ohùn kan máa ń wá lóru, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ yín ló ti wá: "àfikún ẹ̀kọ́ tí wọn ò lè sọ ní kíláàsì." Ohùn náà jọ ti olùkọ́. Kó sì jọ ọ́ ò ṣòro mọ́, torí ẹ̀rọ AI tó bá gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ lè máa fi ohùn yẹn sọ ohun tí ẹni náà ò sọ rí. Olùkọ́ wo ni ohùn rẹ̀ ò sí lórí YouTube fún ọ̀pọ̀ wákàtí? Nínú irú àfikún bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ti fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ han olùkọ́, tàbí pé òróró kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rà kó tó lè yege, tàbí pé kí ẹ má sọ fún pásítọ̀ yín.

Ní ti ọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Harold Camping, ọkùnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbọ́ iléeṣẹ́ rédíò rẹ̀ káàkiri ayé nígbà náà. Ó ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011 ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọjọ́ pé, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ó tún sún un sí ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá. Ìyẹn náà kọjá, àwọn mìíràn sì ti náwó tán lórí ìpolówó. Irú ìròyìn tó gbọ̀n Tẹsalóníkà náà nìyẹn, rédíò ló kàn gbà wá dípò lẹ́tà.

Ìtàn kan wà nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 13, tí mo máa ń sọ fún àwọn tuntun ní kíláàsì. Wòlíì kan ti Júdà wá sí Bẹ́tẹ́lì. Ọlọ́run ti sọ fún un pé kó má jẹun níbẹ̀, kó má mu omi, kó má sì gba ọ̀nà tó bá wá padà. Ó jíṣẹ́ rẹ̀ níwájú ọba, ọba ní kó wá jẹun, ó kọ̀. Akin ni! Ó ti ń lọ sílé, ó jókòó sábẹ́ igi, wòlíì àgbàlagbà kan wá bá a níbẹ̀. Ó ní wòlíì lòun náà, áńgẹ́lì sì ti bá òun sọ̀rọ̀ pé kí òun mú un padà wá jẹun. Irọ́ ni. Wòlíì Júdà náà tẹ̀ lé e, ó jẹ, ó mu. Kìnnìún pa á lójú ọ̀nà. Ẹ wo ẹni tó lè kọ̀ fún ọba, tí kò lè kọ̀ fún àgbà tó sọ pé áńgẹ́lì ló rán òun. Àwa Yorùbá mọ ìyẹn dáadáa: ó rọrùn fún wa láti ṣiyèméjì sí ìjọba ju kí a ṣiyèméjì sí bàbá arúgbó tó wọ aṣọ funfun. Àwọn ará Bèróà tilẹ̀ gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n ṣí ìwé wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ò sì bá wọn wí. Ó yìn wọ́n ni. Ẹ bi olùkọ́ yín níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ̀yin sà, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí?" Olùkọ́ tòótọ́ ò ní bínú. Bó bá bínú, ẹ ti rí nǹkan mìíràn kọ́ nípa rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, tí ọ̀pọ̀ ò fẹ́ kí a sọ.

Iṣẹ́ kan máa ń wá pé, "Ìròyìn ayọ̀! Ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ètò Dókítà nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, oṣù mẹ́ta péré." Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olè kọ́ ló rán an, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lè jẹ́ ojúlówó, kí oyè tó ń tà jẹ́ ayédèrú. Wọ́n á fi ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, hàn yín. CAC ń forúkọ ṣọ́ọ̀bù ìtàwé àti ilé oúnjẹ náà sílẹ̀. Àṣẹ láti fúnni ní oyè yunifásítì ní Nàìjíríà, NUC ló ní in. Wọ́n sì máa ń kéde orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò gbàṣẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn mìíràn so mọ́ yunifásítì tó gbàṣẹ, bí Immanuel College n'Ìbàdàn ṣe so mọ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn so mọ́ yunifásítì kan, yunifásítì yẹn ni kí ẹ bi.

Àwọn mìíràn á ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún làwọn ti gbàṣẹ, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ó lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kó má túmọ̀ sí ohun tí ẹ rò. Òfin Florida yọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, bó bá ti pa àwọn ìlànà kan mọ́. Wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tó wà ní Houston àti Atlanta, ẹ bèèrè bóyá ẹgbẹ́ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ ìsìn wò, irú ATS, mọ̀ wọ́n. Fún ilẹ̀ Áfíríkà, ACTEA wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1976.

A ò gbọ́dọ̀ tètè gbàgbé ohun tó tú síta ní ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọ̀nú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Kò jókòó ní kíláàsì, kò ṣe ìdánwò, síbẹ̀ ó tún fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Àwọn ọmọ tó kàwé tọkàntọkàn níbẹ̀ jẹ nínú ìyà náà. Ohun tí oyè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń ṣe nìyẹn: ó máa ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Ẹ tún wo Ọbásanjọ́. Ẹni tó ti ṣe ààrẹ, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì á dùn mọ́ láti fún ní oyè ọ̀fẹ́, jókòó ti ìwé ní NOUN, yunifásítì àkàgbélé tí ìjọba ológun pa tì ní 1984 tí ìjọba tirẹ̀ sì jí dìde. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni ló kọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2018 ni wọ́n fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ lè má fẹ́ràn ìṣèlú rẹ̀. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti oyè ìdánilọ́lá, àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì Nàìjíríà fẹnu kò ní Keffi ní 2012 pé ẹni tó gba irú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Dókítà. Ẹ wo pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò yín kí ẹ sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé tó. Crowther gba oyè ìdánilọ́lá ní Oxford ní 1864 lóòótọ́, àmọ́ ó ti kọ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ná, ó sì ti ń túmọ̀ Bíbélì lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ Ìwé Mímọ́ kí ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ ní Sunday school ni, ẹ ò nílò àṣẹ NUC. Ìwé-ẹ̀rí tí ìjọ fún yín tó, bó bá ti kọ ohun tó jẹ́ sí ara rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Mo ti rí "àtúnṣe àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́" tó ń béèrè BVN, NIN àti àwòrán káàdì báńkì, iwájú àti ẹ̀yìn. Kí ni ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì fẹ́ fi BVN ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ fi gbàdúrà ni? Ẹ má kọ ọ́. Láti 2023 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ná, tí owó ti lọ, ìṣẹ́jú ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kí ẹ ní gbájúẹ̀ ni, kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà láti há a mọ́bẹ̀. Ẹ má pa iṣẹ́ náà rẹ́ nítorí ìbínú; ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àti àkókò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ìyá elélùbọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ní kí wọ́n pe báńkì ní àárọ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn á pè, wọn ò pè títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú ló ń ti àwọn, pé kí ni ọkọ àwọn á gbọ́, pé ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí ẹ̀mí ò sì fi hàn án. Ìgbà tí wọ́n fi dé báńkì, owó náà ti gba àkáǹtì mìíràn lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹnì kan pè wọ́n pé òun lè bá wọn gba owó náà padà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ₦5,000 ránṣẹ́. Olè kan náà ni, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀, bí ẹnì kan bá wá sọ irú èyí fún yín, ẹ má bèèrè ibi tí ẹ̀mí ìfòyemọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ bá a pe báńkì.

Ẹ̀yin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀. Ẹ ti gúrúùpù yín, kí ádímíìnì nìkan máa kọ̀wé sí ibi ìkéde. Ẹ yí líǹkì àtijọ́ padà, ẹ má gbé tuntun sí gbangba. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa sọ̀rọ̀ owó. Ẹ sì sọ ọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́, kí ẹ tó dé orí Jẹ́nẹ́sísì, pé báyìí ni ọwọ́ wa ṣe rí.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ti gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkéde kò tún gba inú WhatsApp wá mọ́. Olùkọ́ ló ń kà á fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ojú rẹ̀ níwájú wa, yóò sì dúró kí a béèrè ìbéèrè. Lóṣù tó kọjá, iná lọ ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ ìdánwò, ni wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sórí pọ́ọ̀tàlì pé a ti sún aago rẹ̀ síwájú pẹ̀lú wákàtí kan. Òótọ́ ni. Ìyá elélùbọ́ rí i. Wọ́n pe èmi, wọ́n pe akọ̀wé, wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn Bíbélì wọn, wọ́n ní kí akọ̀wé dárúkọ ohun tí olùkọ́ kọ́ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín, ó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọlé ìdánwò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ. Mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Bùrọ̀dá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo sọ nù. Èlùbọ́ mi wà lọ́jà."